Èéfín Lẹ́yìn Mọ́tò Mama

Obìnrin Urhobo kan wà ní Ekurede-Urhobo tí gbogbo ilé wa ń pè ní Mama. Kì í ṣe ìyá wa, kò sì bá wa tan. Nígbà tí ìjà Warri gbóná, tí wọ́n ń sun ilé ní àdúgbò tí a ń gbé, ọ̀sán gangan ni bàbá mi kó wa jáde, èmi, ìyá mi àti àbúrò mi obìnrin, tí a ń sáré láìmọ ibi tí à ń lọ. Obìnrin yìí dúró lẹ́nu géètì rẹ̀. Ó rí wa, ó ṣí i fún wa. Ohun tó mọ̀ nípa wa kò ju pé ó máa ń ra kẹrosíìnì lọ́wọ́ bàbá mi. Ó tì wá wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wa, ó gbé àga síta, ó jókòó dí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin kan dé tí wọ́n ń béèrè pé ta ló wà nínú ilé, ó ní àwọn ọmọ òun ni. A wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ìlú fi rọlẹ̀. Títí ìyá mi fi kú ló ń sọ pé bí a bá jẹun tí a kò rántí obìnrin yẹn, oúnjẹ náà kò ní ṣe wá lóore.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ará Ìjẹ̀bú ni bàbá mi. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti wà ní Warri, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà lójú Warri–Sapele Road, níbi tó ti ń ta òróró ẹ́ńjìnnì, kẹrosíìnì, dísù àti àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí àwọn onímọ́tò máa ń wá. Àwọn ènìyàn fọkàn tán an. Ní mọ́sálásí wa, bí òun bá ti sọ pé nǹkan rí báyìí, kò sẹ́ni tí yóò tún lọ béèrè níbòmíràn. Èmi ní tèmi lọ kọ́ṣẹ́ mọ́tò ní Èkó, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí kì í tún mọ́tò mìíràn ṣe ju ti Yúróòpù lọ. Nígbà tí mo gba òmìnira, mo padà sí Warri, mo sì ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi sí Ekpan, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń fọ epo. Mo ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò, èyí tí a máa ń ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ ìdarí ọkọ̀ tí yóò fi sọ ohun tó ń ṣe mọ́tò. Àwọn mẹkáníìkì tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa nígbà náà kò tíì ní irú rẹ̀. Mo gbéra ga díẹ̀ nítorí rẹ̀, n kò ní parọ́.

Àkókò yẹn, àwọn ọmọ inú odò tó ń bá ìjọba jà ń fọ́ páìpù epo káàkiri. Bí wọ́n bá fọ́ ti òní tán, wọn á fọ́ òmíràn. Sójà kún ojú títì, ibi ìfọpo dákẹ́ bí ibojì, ọ̀pọ̀ ilé epo kò sì ní dísù rárá. Wọ́n á so okùn dí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní kí o padà wá. Síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ń dún nílé gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ń gbé Warri nígbà náà mọ ibi tí dísù ń gbà wá. Inú igbó létí omi ni àwọn kan ti ń fi iná se epo rọ̀bì nínú dúróòmù, bí ẹni se ọtí ògógóró, wọ́n á sì fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wọ̀lú. Gbogbo wa mọ̀, a sì ń ṣe bí ẹni pé a kò mọ̀.

Ọmọ Mama tó wà ní Jámánì fi jíìpù dísù kan ránṣẹ́ sí i. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, inú rẹ̀ ṣì ń rùn bíi bàtà tuntun. Mama kò lè wa mọ́tò. Ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé rẹ̀ ló ń wà á fún un, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sọ́jà. Mo máa ń rí wọn bí wọ́n bá ń kọjá, Mama á na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, á máa jù ú sí mi.

Ní ọjọ́ kan, ayálégbé náà gbé mọ́tò wá bá mi ní Ekpan, Mama jókòó sẹ́yìn. Iná ofeefee kan ti tàn níwájú awakọ̀, mọ́tò náà kò sì lágbára mọ́. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, á kàn máa wọ́ bí ìgbín.

"My pikin," Mama ní, "this motor don tire before me."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

Àwọn mọ́tò dísù tuntun kì í tú èéfín dúdú síta bíi ti àtijọ́. Asẹ́ kan wà nínú sálẹ́ńsà wọn, inú rẹ̀ rí bí afárá oyin. Asẹ́ yìí ló ń gba èédú inú èéfín dúró kó má baà jáde sínú afẹ́fẹ́. Bí èédú bá ti pọ̀ nínú rẹ̀, mọ́tò fúnra rẹ̀ á mú un gbóná gidigidi, èédú á jóná di eérú, asẹ́ á sì tún máa mí. Ṣùgbọ́n mọ́tò kò lè ṣe èyí bí a kò bá fún un láyè láti sáré fún ìgbà díẹ̀ láìdúró. Ẹ̀rọ ìyẹ̀wò mi sọ pé asẹ́ náà ti kún. N kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́, nítorí ọ̀gá mi ní Èkó kọ́ mi pé ohun tí ẹ̀rọ bá sọ, kí n fi ojú ara mi wò ó. Rọ́bà kékeré méjì ló ń gbé ìmí láti iwájú àti ẹ̀yìn asẹ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn bó ṣe kún tó. Mo fọwọ́ tọ́ wọn lọ, mo sì rí i pé ọ̀kan ti là. Mo pààrọ̀ rẹ̀, mo pa iná náà rẹ́, mo sì wà á yí Ekpan ká. Ó ń sáré bí ẹṣin.

Mama sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí níṣojú gbogbo ènìyàn, ó gbàdúrà fún mi ní Urhobo. N kò gbọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ mo mọ̀ pé àdúrà gidi ni. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe ẹni tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó wá gbọ́. Ó ní, "Ọmọ mi ló tún mọ́tò Mama ṣe. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi san oore yẹn."

Kò pẹ́ tí iná náà tún tàn.

Lọ́tẹ̀ yìí mo tú u jinlẹ̀. Fáàfù kan wà tó máa ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì kó lè jó lẹ́ẹ̀kejì. Mo yọ ọ́. Inú rẹ̀ ti dí pátápátá, ohun tó dí i sì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ọ̀dà. N kò rí irú rẹ̀ rí ní Èkó. Mo fa ọ̀pá tí a fi ń wọn òróró ẹ́ńjìnnì jáde, mo gbóòórùn rẹ̀, dísù ló ń rùn. Ìyẹn ni pé mọ́tò náà ti gbìyànjú léraléra láti jó èédú inú asẹ́ rẹ̀, kò rí i ṣe, dísù tó tú sí i fún iṣẹ́ náà sì ń ṣàn sínú òróró. Mo fọ fáàfù náà, mo pààrọ̀ òróró. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó fà á.

Àwọn sójà ni mo dá lẹ́bi. Ṣẹ́kípọ́ìntì pọ̀ nígbà náà débi pé mọ́tò kankan kò lè sáré lọ títí. O ò tíì wọ jíà gidi tí o ti máa rí àpò yẹ̀pẹ̀ àti ìbọn níwájú. Mo rò ó, mo ní òun náà nìyẹn, asẹ́ kò ráyè jó èédú rẹ̀. Mẹkáníìkì kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kí n gé asẹ́ náà sọnù, kí n fi páìpù lásán jó o pọ̀, pé báyìí ni gbogbo wọn ń ṣe. Mo ní rárá. Mo ní mọ́tò Mama kò ní di ohun tí yóò máa tu èéfín sí ọmọ ọlọ́mọ lójú.

Gbogbo ìgbà yìí, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi gbogbo oníbàárà mi kí n tó fọwọ́ kan mọ́tò dísù wọn, tí n kò bi Mama: níbo lẹ ti ń ra epo? N kò bi í nítorí mo mọ̀ ọ́n. Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ló ti ń rà á. Kò sí ìdí láti béèrè, lójú tèmi. Ẹni tó bá ra nǹkan lọ́wọ́ bàbá mi, nǹkan gidi ló rà.

Mo ṣètò pé màá gbé mọ́tò náà jáde láàárọ̀ ọjọ́ Sunday tí ojú ọ̀nà máa ń dá, kí n lè sáré dé Sapele, kí asẹ́ náà gbóná dáadáa. Mama ní òun á bá mi lọ, òun fẹ́ kí àbúrò òun kan ní Sapele. Ó wọ aṣọ funfun, ó dé fìlà ṣọ́ọ̀ṣì, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú. Mo wọ ọ̀nà. Mọ́tò kọ́kọ́ ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ń ṣàlàyé fún un bí asẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń dáhùn pé "Eh-hen, eh-hen," mo sì ń gbádùn ohùn ara mi.

Ibi tí a ti ń sún mọ́ ṣẹ́kípọ́ìntì kan ni òórùn iná bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo wo dígí, n kò rí ojú ọ̀nà lẹ́yìn wa mọ́, èéfín aláwọ̀ eérú ni mo rí, ó ki bí ìkùukùu. Agbára mọ́tò já lulẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ó yí díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé àárín àwọn sójà, ó kú síbẹ̀, èéfín náà sì bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Wọ́n rò pé bọ́ǹbù ni. Igbe ta, ìbọn ti wà lójú fèrèsé wa kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. "Come down! Hands up! Mama, hands up!" Mo sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní kí n dojú bolẹ̀ lórí títì. Láti ibi tí mo wà, ẹsẹ̀ Mama nìkan ni mo ń rí, nínú bàtà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ funfun. Ìró rẹ̀ ń tú, kò sì lè so ó nítorí ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Ó ń bẹ ọmọdé tó di ìbọn mú pé kó jẹ́ kí òun mú ìró òun. Obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà nítorí tiwa.

Nígbà tí wọ́n rí i pé mọ́tò kò ní bú gbàmù, ọ̀kan nínú wọn ní kí n dìde jókòó. Òun ló ṣí ibi tí a ti ń rọ epo. Ó ki okùn kan bọ̀ ọ́, ó fà á jáde, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì yíjú sí Mama.

"Who get this motor?"

"Na me."

"Na bush diesel dey inside. So you dey buy from those boys wey dey burst pipe? You dey support them?"

Mama bínú. Àgbà obìnrin tí ẹ̀rù ń bà náà, ó nà ró ṣánṣán. "God forbid! I no dey buy thief market. My diesel, na from correct shop I dey buy am. One Yoruba Baba. That man dey pray, e no dey do rubbish. I know am tey-tey."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìgbéraga, bí ẹni ń jẹ́rìí sí ọmọ ìyá rẹ̀. Bí omi gbígbóná ni ọ̀rọ̀ náà dà lé mi lórí. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ti rí wá sọ́kàn mi pọ̀: ọ̀dà inú fáàfù, asẹ́ tó ń kún láìdáwọ́ dúró, òórùn kan tí mo ti ń gbọ́ lára mọ́tò náà tí mo kọ̀ láti dárúkọ rẹ̀.

Sójà náà ní, "Where the shop dey?"

Mama ya ẹnu láti dáhùn. Ó wá bojú wò mí nílẹ̀ níbi tí mo jókòó sí. N kò mọ ohun tó rí lójú mi. N kò sọ nǹkan kan, n kò ṣẹ́jú sí i, ṣùgbọ́n ó rí i. Mo mọ̀ nítorí ọ̀nà tí ẹnu rẹ̀ gbà pa dé. Nígbà náà, bí wọ́n bá ká irú dísù yẹn mọ́ ẹni lọ́wọ́, wọ́n á kó dúróòmù rẹ̀, wọ́n á gbé òun náà lọ, a kì í sì í mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ.

"I no sabi the place well," Mama ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Na my tenant dey go buy am for me."

"You no sabi am, and you know say e dey pray?"

"Na wetin people talk."

Sójà náà yíjú sí mi. "You nko?"

"Na mechanic I be, sah. I dey test the motor."

Wọ́n dá wa dúró sínú oòrùn títí ọ̀gá wọn fi dé. Ó wo irun funfun Mama, ó wo fìlà ṣọ́ọ̀ṣì tó ti bọ́ sílẹ̀, ó ní ká máa lọ. Ó ní kí Mama kìlọ̀ fún ayálégbé rẹ̀. Mama tẹrí ba fún ọmọkùnrin tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, ó ní, "I go warn am, sah."

Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló wọ́ wa padà. Mama ń tún ìró rẹ̀ so títí a fi fẹ́ wọ Warri. Ó wá sọ ọ́ bí ẹni ń bára rẹ̀ sọ̀rọ̀: "So na true. Na your papa sell me that thing."

"Na im, Mama."

"Okay."

Mo fẹ́ kó bú mi. Kò bú mi.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo fa dísù inú táńkì sínú ike omi tó mọ́ gaara, mo gbé e kalẹ̀ títí ó fi tòrò. Dúdú ló wà nísàlẹ̀ bí ìdọ̀tí inú ìkòkò àgbo, òkè rẹ̀ sì pọ́n bíi tíì tó ti kan. Mo yọ asẹ́ náà, mo gbé e sókè lójú oòrùn. Níbi púpọ̀, afárá náà ti yọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn, ó sì ti là láàárín. Kò sí fífọ̀ tí yóò tún un ṣe mọ́. Mo nu ọwọ́ mi, mo mú ike náà, mo gba ọ̀dọ̀ bàbá mi lọ.

Ó jókòó sábẹ́ ìbòòji iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fẹ́ ara rẹ̀. Mo kí i, ó dáhùn. Mo bọ́ sí ẹ̀yìn, níbi tí àwọn dúróòmù rẹ̀ wà, mo fa díẹ̀ sínú ike mìíràn, mo gbé méjèèjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Kò wò wọ́n.

"Kí lo fẹ́ kí n wò níbẹ̀?"

"Bàbá, ta ló ń gbé dísù yìí wá fún yín?"

"Àwọn kan."

"Àwọn wo?"

Ó dá abẹ̀bẹ̀ dúró. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni kò mọ ibi tí dísù Warri ti ń wá? Ilé epo ti tì. Ṣé kí n ti ṣọ́ọ̀bù ni? Òun ni jẹnẹrétọ̀ mọ́sálásí ń mu. Òun ni ti ilé ìwòsàn tó wà níwájú yẹn ń mu. Ẹnì kan ò wá bá mi pé ó burú."

"Jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ lè mu ún, Bàbá. Mọ́tò tuntun kò lè mu ún. Ó ti ba mọ́tò Mama jẹ́."

"Mọ́tò ń bàjẹ́. Òun ni wọ́n ṣe ń pè ọ́ ní mẹkáníìkì."

Mo wá sọ fún un. Mo sọ bí mọ́tò ṣe kú sí àárín sójà, bí wọ́n ṣe dojú mi bolẹ̀, bí wọ́n ṣe ní kí Mama káwọ́ sókè tí ìró rẹ̀ ń tú. Mo sọ pé sójà gbóòórùn dísù náà, ó sì béèrè ibi tó ti rà á. Ojú bàbá mi ti yí padà. Ó fà mí lápá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní:

"Ó dárúkọ mi?"

Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Mo wò ó. Bàbá mi tí mo fi ń yangàn ni mo ń wò, àmọ́ n kò lè wò ó pẹ́, mo yí ojú sí títì.

"Kò dárúkọ yín. Ó kọ́kọ́ yìn yín ni. Nígbà tó rí i pé wọ́n fẹ́ wá gbé yín, ó parọ́ nítorí yín."

Ó fi apá mi sílẹ̀. Ó jókòó. Ó mú abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀, ó wá ní, "Wọn ò fọwọ́ kàn án, àbí?" Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn ti pẹ́ jù, òun náà sì mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, ó ní kí n bá òun lọ sí Ekurede-Urhobo. Kò wá ẹni tí yóò bá wa bẹ̀bẹ̀, kò mú nǹkan kan dání. Mama jókòó lẹ́yìnkùlé, ó ń ṣa ẹyìn kúrò lára ìdì rẹ̀ fún ọbẹ̀ banga. Ó rí wa, kò dìde. Bàbá mi ṣí fìlà, ó fọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nà gbalaja síwájú obìnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́.

N kò tíì rí bàbá mi lórí ilẹ̀ rí àfi níbi ìrun. Mo wo ara ògiri.

"Abeg, abeg, stand up," Mama ní kíákíá. "Old man like you. Make my tenants no see you." Ojú ń ti òun náà.

Bàbá mi dìde, eruku wà lára agbádá rẹ̀. Ó fẹ́ sọ Pidgin, Pidgin kò wá. Yorùbá ló fi sọ̀rọ̀. Mama gbọ́ Yorùbá díẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ó ní kí n máa túmọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró láàárín wọn, tí mo ń fi ẹnu ara mi bẹ̀bẹ̀ fún bàbá mi.

"E say abeg. E say e no know say e go do your motor like this."

"Ask am. E know say the thing no clean?"

Mo béèrè. Bàbá mi ní, "Mo mọ̀ pé kò mọ́."

N kò túmọ̀ ìyẹn. Kò nílò ìtumọ̀. Mama ju ẹyìn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú agbọ̀n.

"Other people, I no talk," ó ní. "Everybody dey find wetin e go chop. But me? If I come your shop, you no fit tell me say, Mama, no buy this one?"

Mama sì ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó ní láti ìgbà tí òun ti gba Kristi, òun kì í parọ́. Ó ní ọjọ́ Sunday ni òun parọ́ yẹn, nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, fún ọmọ kékeré tó gbé ìbọn. Ó sọ bó ṣe pe ọmọ náà ní "sah". Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni pé òun ló dùn ún jù nínú gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní òun ti gbọ́, ká máa lọ, òun fẹ́ gbé ọbẹ̀ kaná.

Kò ní kí a jókòó. Láti ìgbà tí mo ti mọ ilé yẹn, a kò kúrò níbẹ̀ rí láìjẹun.

Bàbá mi kò ta dísù mọ́. Ó yí àwọn dúróòmù náà jáde, ó dojú wọn dé. Àwọn oníbàárà rẹ̀ bínú sí i, wọ́n ní kí ló dé tó fẹ́ pa àwọn lára. Láìpẹ́, ẹlòmíràn gbé dúróòmù sí òdìkejì títì, dísù kan náà, gbogbo wọn kọjá síbẹ̀. Kò sí ohun tó yí padà nínú afẹ́fẹ́ Warri nítorí tiwa. Bí àwọn ènìyàn bá béèrè ìdí tó fi dáwọ́ dúró, bàbá mi á ní ọjọ́ orí ni. Èmi náà kì í tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Bí oníbàárà bá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi tó ń bú àwọn tó ń ta dísù burúkú, pé olè ni wọ́n, pé apànìyàn ni wọ́n, mo máa ń wọ abẹ́ mọ́tò lọ, kódà bí kò bá sí iṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Mo wá asẹ́ mìíràn fún Mama. Alòkù ni, ṣùgbọ́n afárá rẹ̀ pé. Mo tú táńkì epo rẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fọ gbogbo ibi tí dísù náà ti gbà kọjá. Láti ọwọ́ ẹnì kan tó ń bá ilé iṣẹ́ epo ṣiṣẹ́, ọmọ Èkó tí wọ́n gbé wá sí Warri, ni mo ti rí dísù tó mọ́. Nígbà tí mo parí, mo lọ gbé Mama kó lè fúnra rẹ̀ gbọ́ bí mọ́tò ṣe ń dún. Ó wọlé, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Kò fi ohun tí bàbá mi ṣe dá mi lẹ́bi, ìyẹn gan-an sì ni n kò mọ bí mo ṣe lè gbé.

A gba òpópónà ẹ̀yìn kan tí kò wọ́pọ̀, nítorí iwájú ti dí. Ọkùnrin kan ń bọ̀ nínú oòrùn, ó gbé tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó ń fi ẹsẹ̀ tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́ tiro. Bàbá mi ni. Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà mọ́sálásí rẹ̀. Iwájú ilé Mama ni ọ̀nà mọ́sálásí rẹ̀ gbà kọjá, ó sì ti ń gbà á láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Èyí tó ń gbà báyìí jìn tó ìlọ́po méjì rẹ̀, ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí ìbòòji.

Mo fẹ́ wa mọ́tò kọjá. Mo rò pé bí n kò bá wò ó, kò ní mọ̀ pé mo rí òun. Ṣùgbọ́n Mama ti rí i.

"No be your papa be that? Stop."

Mo dúró. Mama sọ dígí sílẹ̀. Bàbá mi wo mọ́tò náà, ó wo èmi, kò wo ojú Mama.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ó ní.

"Baba, enter make we drop you. Sun hot."

Ó rìn sún mọ́ wa díẹ̀. Mo rò pé ó máa wọlé. Mo tiẹ̀ ti na ọwọ́ sẹ́yìn láti ṣí ilẹ̀kùn fún un.

"Sọ fún un pé mo dúpẹ́," ó wí fún mi. "Sọ fún un pé dókítà ní kí n máa rìn."

Dókítà kankan kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo máa ń gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

"E say thank you, Mama. E say doctor tell am make e dey waka."

"I hear am," Mama ní. Ó gbé dígí sókè, ó ń wo iwájú. "Dey go."

Mo tẹ mọ́tò. Ó lọ láìpariwo. Mo wo ẹ̀yìn nínú dígí, mo rí bàbá mi tó ṣì dúró sí ibi tí a fi í sí, ó ń dúró de kí a kọ́kọ́ yà tán kó tó máa rìn lọ.